Igi Páìnì Nínú Ọgbà Wa ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ igi la fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ igi páìnì. Àwọn tó ń kọ́lé tuntun ládùúgbò wa máa ń fẹ́ igi ẹwà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ igi tí yóò máa tutù yọ̀yọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, tí ọyẹ́ ò ní sọ di ìhòòhò. Páìnì wà lára èyí tí wọ́n máa ń béèrè. Wọ́n á náwó lé e lórí, wọ́n á gbìn ín, wọ́n á máa bomi rin ín tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. Kí ọdún kejì tó pé, igi á ti pọ́n, á dúró sójú kan, kò ní ga mọ́. Onílé á ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ò gba páìnì. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbà á dáadáa. Ohun tí igi yẹn ń wá wà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ojú wa kì í dé, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí jù nírọ̀lẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ igi tí à ń wí, torí igi tí wọ́n ń tà lórúkọ páìnì lẹ́bàá títì kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà tó máa ń súfèé nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Whistling pine ni wọ́n ń pè é, Casuarina lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ìhà Éṣíà àti Australia ló ti wá, ó sì dára gan-an fún ilẹ̀ iyanrìn etí òkun, ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe páìnì. Ẹ já ohun tó jọ abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ẹ fà á ní tìlọ́ra láàárín ìka méjì. Á yọ ní oríkèé, oríkèé lórí oríkèé, nítorí pé ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ewé rẹ̀ gan-an kéré débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Òmíràn ni èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ tò ní ìpele ìpele láti ìsàlẹ̀ dókè, tí wọ́n ń gbé sí iwájú òtẹ́ẹ̀lì àti báńkì. Araucaria nìyẹn, láti erékùṣù Norfolk nínú òkun Pàsífíìkì, ìyẹn náà kì í sì í ṣe páìnì. Èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní masquerade tree, tó ga tóóró, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó ń dán, tó sì ń rọ̀ sílẹ̀, ìyẹn tilẹ̀ jìnnà pátápátá.

Páìnì gidi ni èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ já ìdìpọ̀ kan, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí èèpo pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó so abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nígbà mìíràn, ẹ lè rí mẹ́rin. Gígùn abẹ́rẹ́ náà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25. Tí ẹ bá fún un pọ̀ lọ́wọ́, òórùn oje á jáde. Bí ẹ bá ti rí àmì wọ̀nyí, ẹ mọ̀ pé igi tí à ń sọ nìyẹn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pinus caribaea. Òun nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kẹ́ ẹ gbìn sí Àyèká wa níhìn-ín ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Irú páìnì tó wà láyé lé ní 100, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sì jẹ́ ti ilẹ̀ tútù lókè àríwá ayé. Ọ̀kan péré ló fúnra rẹ̀ hù kọjá ìlà tó pín ayé sí méjì, ní erékùṣù Sumatra. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa ní London, ní Houston, ní Toronto, tẹ́ ẹ fẹ́ ṣa èso páìnì ẹ̀bá ilé yín ránṣẹ́ sí bàbá nílé, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Igi ibẹ̀ ti mọ òtútù ọdọọdún mọ́ra, ooru wa á lé e sá. Òfin sì tún wà ńbẹ̀: irúgbìn tàbí erùpẹ̀ láti òkè òkun ò gbọdọ̀ wọlé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń ṣọ́ àrùn ohun ọ̀gbìn ní orílẹ̀-èdè yìí. Òfin yẹn dára, torí àrùn igi kì í ké kó tó wọ̀lú.

Caribaea yàtọ̀. Cuba, Bahamas, Belize, Honduras, Guatemala àti Nicaragua ni ilé rẹ̀. Ní etíkun Belize àti Nicaragua, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, oníyanrìn, tó kan, ló máa ń hù sí, níbi tí ooru àti òjò ti pọ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ń wà fún oṣù mélòó kan. Ẹ wo ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ilẹ̀ iyanrìn ni èyí tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, òjò ti fọ ẹfun inú rẹ̀ lọ, ó sì kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pẹ, rọ́bà àti ẹ̀gẹ́ fi ń ṣe dáadáa níbí. Páìnì yìí náà, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ́.

Ìjọba orílẹ̀-èdè yìí náà ti gbìn ín rí, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà. Wọ́n gbìn ín sí Miango lórí òkè Jos, sí Àfákà nítòsí Kaduna, sí orí òkè Mambilla, àti sí Obudu. Bébà ni wọ́n ń lé. Ilé iṣẹ́ bébà ti ṣí ní Jebba ní ọdún 1969, ti Ìwópin àti ti Oku-Iboku sì tẹ̀ lé e. Bébà tó yi, tí kì í tètè ya, nílò fọ́nrán igi tó gùn, irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nínú páìnì. Èyí tó wà nínú mẹ̀láínà kúrú. Mẹ̀láínà yẹn ni wọ́n gbìn lọ súà sínú igbó ìjọba ní Olúwa níhìn-ín àti ní Ọmọ, nítorí Ìwópin. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ò ṣe bí a ti rò, fọ́nrán gígùn sì ń ti òkè òkun wọlé. Ó dùn mí púpọ̀, torí iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ igbó ṣe lórí páìnì nígbà náà, iṣẹ́ gidi ni. Ara ohun tí wọ́n rí ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Páìnì ò lè dá gbé. Olú ni alájọgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá olú nínú igbó mọ̀ pé èyí tí à ń já sínú apẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ lásán ni. Ara olú gan-an wà nínú ilẹ̀, òwú funfun tín-ín-rín tín-ín-rín tó ta ká inú erùpẹ̀. Àwọn olú kan wà tí òwú wọn máa ń wé mọ́ gbòǹgbò páìnì tín-ín-rín, á bò ó bí ìbọ̀sẹ̀, á sì wọ àárín ara gbòǹgbò náà díẹ̀. Láti ibẹ̀, òwú olú á na ọwọ́ lọ sínú ilẹ̀ jìnnà ju ibi tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ lè dé. Òun ló ń bá igi kó omi, òun ló ń bá a wá oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an nínú ilẹ̀ kíkan bí tiwa. Igi náà á sì san án padà fún olú pẹ̀lú ṣúgà tí ewé rẹ̀ fi oòrùn ṣe. Ọ̀pọ̀ igi àti ohun ọ̀gbìn wa, ìbáà jẹ́ kòkó, ọ̀pẹ tàbí ẹ̀gẹ́, ló ní alájọgbé irú èyí nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn ni tiwọn. Èyí tó bá páìnì mu ò sí nínú ilẹ̀ Àyèká, àfi tí ẹnì kan bá mú un wá.

Àwọn ará Puerto Rico jìyà ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Láti nǹkan bí ọdún 1930 lọ ni àwọn onímọ̀ igbó ibẹ̀ ti ń gbìn páìnì, tí irúgbìn á hù, á ga díẹ̀, á pọ́n, á kú. Wọ́n pààrọ̀ irúgbìn, wọ́n pààrọ̀ ibi, kò yí padà. Ní ọdún 1955, wọ́n kó erùpẹ̀ láti abẹ́ páìnì ní Amẹ́ríkà wá, wọ́n bù ú sí ìdí àwọn kan, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ láìfún wọn. Àwọn tó rí erùpẹ̀ yẹn gbà dìde, wọ́n ń ga lọ. Àwọn yòókù ró kúkurú níbi tí wọ́n wà. Erùpẹ̀ ìwọ̀nba péré ni o. Ohun kan náà ni wọ́n rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, àti ní Nàìjíríà níbí, níbi tí àwọn onímọ̀ tó wà ní ibùdó ìwádìí igbó ní Sàmárù, ní Zaria, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí olú tí páìnì ń fẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ẹni tó ń ta irúgbìn fún yín ni pé: erùpẹ̀ wo lẹ fi gbìn ín? Ẹ bi í bóyá ó bu erùpẹ̀ abẹ́ páìnì àgbà mọ́ ọn. Tí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ má bínú sí i, ọ̀pọ̀ ò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Ẹ rọra bọ́ ọ̀rá dúdú tí irúgbìn náà wà nínú rẹ̀ sísàlẹ̀ níwọ̀nba, ẹ wo gbòǹgbò. Gbòǹgbò kéékèèké tó lolú máa ń ki, ó máa ń kúrú, orí rẹ̀ á sì pín sí méjì bí igi kànnàkànnà. Ẹ ó tún rí òwú funfun tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó rọ̀ mọ́ erùpẹ̀ yí i ká. Èyí tí kò lolú, gbòǹgbò rẹ̀ á tínrín, á gùn gbọọrọ, kò ní pín. Lókè, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kúrú, á pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀. Ẹ fi irú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Tí irúgbìn bá ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀ tí kò lolú, ẹ lè tún un ṣe. Ẹ wá ibi tí páìnì àgbà tí ara rẹ̀ dá ṣáká wà, kẹ́ ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ gbá abẹ́rẹ́ gbígbẹ ojú ilẹ̀ kúrò, ẹ bu erùpẹ̀ òkè pátápátá, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, torí ibẹ̀ ni olú pọ̀ sí. Ẹ dì í sínú àpò tó tutù díẹ̀, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílé, torí òwú olú ò fẹ́ gbígbẹ. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ìdá kan nínú mẹ́wàá erùpẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá tó o. Fún igi tó ti wà nílẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò ṣókótó mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí i ká, kó má ṣe gé gbòǹgbò ńlá, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sí i, kẹ́ ẹ bò ó. Ẹ má mú erùpẹ̀ lábẹ́ igi tó ń ṣàìsàn, ẹ ó kàn gbé àìsàn rẹ̀ wálé ni. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí páìnì wà, àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ bi ni àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Jericho, ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí olú. Ibo la ó gbin igi sí?

Ibi tí oòrùn ti ń pa á láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni. Páìnì kì í gbé abẹ́ mángòrò, kì í gbé ẹ̀yìn ògiri tí ó ṣíji bò ó. Kí omi òjò má dúró síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ilé yín súnmọ́ àkùrọ̀, ẹ gbẹ́ ihò kan nígbà òjò, kó jìn tó orúnkún, ẹ da omi kún un, kẹ́ ẹ padà wá ní ọjọ́ kejì. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀, páìnì ò lè gbé ibẹ̀, ẹ gbin ọ̀pẹ tàbí nǹkan mìíràn tó ń farada omi.

Kí ó sì jìnnà sílé. Igi yìí lè ga tó mítà 20 sí 30 bí ó bá rí àyè, ẹ̀fúùfù ìbẹ̀rẹ̀ òjò wa sì kì í ṣeré. Mo ń fẹ́ mítà 10 láàárín òun àti ilé, àti pé kó má sí lábẹ́ wáyà iná. Ẹni tó ní ààbọ̀ pọ́lọ́ọ̀tì, tó sì ti kọ́lé síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbin páìnì sílẹ̀. Ó lè wà nínú ìkòkò ńlá fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ta ìyekan tó ní ilẹ̀ lọ́rẹ. Ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbà mọ́ṣáláṣí, gbàgede ààfin, àwọn ibẹ̀ gan-an ni igi yìí yẹ.

Ohun kan wà tó máa ń pa páìnì níwájú ilé tuntun, tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí: sìmẹ́ǹtì. Níbi tí àwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ǹtì, tí ìyókù rẹ̀ wọnú ilẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í kan mọ́, páìnì ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Eérú ìdáná náà ń ṣe bákan náà. Àwa tí a ti mọ̀ pé eérú dára fún ẹ̀fọ́, a máa ń dà á sídìí gbogbo igi. Fún páìnì, ẹ má dà á. Bí ilẹ̀ yín bá ní àṣẹ́kù sìmẹ́ǹtì, ẹ kó erùpẹ̀ yẹn dà nù, kẹ́ ẹ bu erùpẹ̀ oko wá dípò rẹ̀.

Ìgbà tó dára jù láti gbìn ín ni ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti ìparí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹfà. Ẹni tí kò bá rí ọwọ́ nígbà yẹn lè dúró de ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ọ̀dá oṣù kẹjọ bá ti kọjá. Irúgbìn tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ló dára. Ẹ má jẹ́ kí ènìyàn ta èyí tó ti ga ju orí lọ nínú ọ̀rá kékeré fún yín. Gbòǹgbò irú bẹ́ẹ̀ ti lọ́ yípo, yóò máa lọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀, ní ọdún díẹ̀ sí i ìjì á sì wó o lulẹ̀, tí ẹ ó fi máa rò pé ayé ló ṣe é.

Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, tó sì jìn bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ọ̀rá dànù pátá, kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan nílẹ̀. Bí ẹ bá rí gbòǹgbò tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yípo nísàlẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e. Ẹ má gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù o, inú erùpẹ̀ yẹn ni olú wà. Ẹ gbé e sí ihò débi pé ojú erùpẹ̀ inú ọ̀rá àti ojú ilẹ̀ dọ́gba, ẹ da erùpẹ̀ sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ bomi rin ín. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, ẹ má fi sí ihò, ó gbóná jù. Fatiláísà tó lágbára, ẹ jẹ́ kó dúró sóko àgbàdo, torí bí igi bá ti rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú olú rẹ̀ mọ́.

Ọdún 2 àkọ́kọ́ ló le jù. Ẹ̀kan àti igbó Akíntọ́lá ò gbọdọ̀ dé ibi tó súnmọ́ ọn ju mítà kan lọ yíká. Ẹ fi ọwọ́ tu nítòsí ìdí rẹ̀, torí àdá àti ọkọ́ ti pa páìnì ju ikán lọ. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, korobá omi kan lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó o. Ẹ bu ú kó mu dọ́ba, ó sàn ju bíbù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ, èyí tó máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò jókòó sókè. Lẹ́yìn ọdún kejì, òjò Ọlọ́run ti tó fún un.

Ewúrẹ́ kì í fi ẹnu pa orí ọ̀dọ́ páìnì tì, ẹ sọgbà yí i ká. Ikán, ẹ máa wò ó: tí ẹ bá rí ojú ọ̀nà alámọ̀ tó ń gun ara igi, ẹ fọ́ ọ, ẹ wá ibi tó ti ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo igi kíkú, pákó àti ìdìtì tó wà nítòsí kúrò. Igi tó lágbára kì í sábà jẹ́ fún ikán, ẹni tí ara rẹ̀ ò dá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá. Iná lèyí tó bà mí lẹ́rù jù. Oje wà nínú páìnì, abẹ́rẹ́ gbígbẹ rẹ̀ sì ń jó fòò. Bí a bá ń sun pàǹtírí lẹ́yìnkùlé lákòókò ọyẹ́, tí atẹ́gùn gbé ẹ̀ṣẹ́ná kan sínú abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀, ọ̀dọ́ páìnì ò ní yè é. Igi àgbà tí èèpo rẹ̀ ti nípọn lè yè é, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ máa gbá abẹ́rẹ́ náà jọ.

Àwọn kan á rí i nínú oṣù kejìlá pé abẹ́rẹ́ tó wà nínú lọ́hùn-ún ń pọ́n, ó ń já sílẹ̀, ọkàn wọn á pami. Ẹ má dààmú. Igi tó ń tutù títí ọdún náà ń pààrọ̀ ewé, kì í kàn ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igbó rọ́bà tó wà ní Àràrọ̀mí-Obù mọ bó ṣe máa ń wọ́wé tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àfàrà àti àràbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, tíìkì kò sì gbẹ́yìn. Orógbó àti mángòrò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ewé àtijọ́ ń lọ, tuntun ń bọ̀, a kì í sì í rí ìhòòhò wọn. Irú tiwọn ni páìnì. Abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bí ọdún 2 lórí igi kó tó já. Pípọ́n ìsàlẹ̀ àti ti inú, ti ọjọ́ orí ni. Pípọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wádìí: bóyá omi ló dúró nídìí rẹ̀, bóyá sìmẹ́ǹtì tàbí eérú ni, bóyá kò lolú.

Ohun mìíràn tún wà tó lè ya ojú yín. Ní ilẹ̀ olójò tó móoru bí tiwa, níbi tí igi kì í ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi, páìnì kan lè máa ga lọ ràì, mítà 3, mítà 5, láìyọ ẹ̀ka kankan. Abẹ́rẹ́ nìkan ni á bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Foxtail ni àwọn onímọ̀ igbó ń pè é. Ìdílé irúgbìn náà wà lára ohun tó ń fà á, ooru àti òjò sì ń tì í lẹ́yìn. Òmíràn á tún padà yọ ẹ̀ka fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kan tàbí méjì, nítorí náà ẹ ṣe sùúrù fún un. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kì í le, ìjì lè tètè ṣẹ́ ẹ. Bó bá ti ga kọjá òrùlé láìyọ ẹ̀ka, tó sì wà nítòsí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ gbin òmíràn tó ti ìdílé tó dáa wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ́ páìnì lórí. A ti fi mẹ̀láínà kọ́ ara wa ní àṣà kan: gé e lókè, á rú. Páìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tí ẹ bá gé dé ibi tí abẹ́rẹ́ ò ti sí mọ́ kò ní rú, ibẹ̀ á gbẹ ni. Orí tẹ́ ẹ bá bẹ́, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ méjì mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ sí í du ipò rẹ̀, igi náà á di oníwọ, ẹwà tí ẹ tìtorí rẹ̀ gbìn ín á lọ. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ nìkan la lè gé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ayùn mímú. Kí ó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta gíga igi náà, kẹ́ ẹ má sì gé wọnú ara igi. Oje á jáde, ẹ fi sílẹ̀, òun ni igi fi ń di ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí ẹ gbá jọ, ẹ má sun ún, ẹ má sì dà á sí títì. Ó pẹ́ kó tó jẹrà, ìdí nìyẹn tí tẹ̀tẹ̀ àti ilá kì í fi í ṣe dáadáa lábẹ́ páìnì, yàtọ̀ sí pé òjìji rẹ̀ ń bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀yìnbó fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan. Ẹ tẹ́ abẹ́rẹ́ náà sáàárín poro ọ̀pẹ̀yìnbó yín, á pa koríko, á sì jẹ́ kí ilẹ̀ tutù nígbà ọyẹ́.

Nípa ti Kérésìmesì, mo bẹ àwọn ìjọ wa. Ẹ má máa gé ọ̀dọ́ páìnì torí ọjọ́ méjìlá tí a fẹ́ fi gílóòbù sí i lára. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tó nísàlẹ̀ lílu, ẹ gbé e wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kẹ́ ẹ sì gbé e padà síta. Tó bá pẹ́ jù nínú ilé, àìrí oòrùn á sọ ọ́ di aláìlera. Èyí tó bá ti ga ju ìkòkò lọ, ẹ gbìn ín sí gbàgede ìjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kẹ́ ẹ máa fi iná yí i ká níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹni tó bá ń rò pé òun fẹ́ fi páìnì ṣòwò pákó lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, mo ní kó kọ́kọ́ lọ rí àwọn onímọ̀ igbó ní Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbà lèyí tí mo sọ lónìí. Ẹ má sì gbójú lé èso orí igi yín láti fi gbin òmíràn, torí ní ilẹ̀ olójò tó súnmọ́ òkun bí tiwa, èso páìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ọmọ tó gbó nínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn ín lójò ọdún yìí, àkókò rèé láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá irúgbìn. Ẹ lọ wo gbòǹgbò rẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nírú àkókò yìí, orógbó la ó máa sọ̀rọ̀ lé lórí, bí a ṣe ń mú kó tètè hù àti ìdí tó fi ń pẹ́ kó tó so.